Orí Igi àti Ìdí Igi: Ìtàn Ilé Àsùnmọ́jú Inú Igbó Nyeri

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbàlagbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gbọ́ òwe yìí, òun ni a sì fi ń bá ọmọ tí ó bá ń ṣe bí ẹni tí ó gbọ́n ju baba rẹ̀ lọ wí. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òwe náà wò fínnífínní, a ó rí i pé kò sọ pé ẹni tí ó wà lórí igi kò rí nǹkan kan. Ó ń ríran dáadáa. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé gíga ibi tí a dúró sí nìkan kò tó láti fi mọ òtítọ́.

Ìtàn igi kan ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí. Àwọn ènìyàn a máa gun igi náà fún ìgbádùn, wọn a sì máa wà lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìdajì ìtàn náà ti tàn ká gbogbo ayé; ó wà nínú ìwé, ó wà nínú fíìmù. Ìdajì kejì wà ní ìdí igi, kì í sì í sábà dé etí ẹni. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ ìdajì méjèèjì, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ọmọ yóò ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀GÙN ỌDẸ

Kí a tó dé Kẹ́ńyà, ẹ jẹ́ kí a rántí pé wíwà lórí igi mọ́jú kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Àwọn ọdẹ wa a máa ṣe ẹ̀gùn. Ọdẹ yóò wá igi tí ó lágbára nítòsí ibi tí ẹran ti ń jẹ èso tàbí ibi tí wọ́n ti ń mu omi. Yóò to ọ̀pá sí àárín ẹ̀ka, yóò fi ìtàkùn dì í pinpin, yóò sì ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó bá ń dẹ̀gùn kì í wúkọ́, kì í sì í fa tábà. Ó ní láti mọ ọ̀nà ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí òórùn ara rẹ̀ má baà ta sí ẹran nímú. Bí oorun bá kùn ún, ewu ni, nítorí ẹni tí ó bá ti orí ẹ̀gùn já bọ́ lóru lè má dìde mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti akọpẹ àti adẹ́mu, tí wọ́n ń fi igbà gun ọ̀pẹ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ni igi gígùn jẹ́ fún wọn. Kò sí ọdẹ tí ó gun ẹ̀gùn nítorí pé ó wù ú láti wo òṣùpá, kò sì sí akọpẹ tí ó sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí ó gun ọ̀pẹ. Ọmọdé nìkan ni ó máa ń gun igi máńgòrò ṣeré, àwọn àgbà a sì máa kígbe lé e lórí pé kí ó sọ̀ kalẹ̀.

Ní ilẹ̀ Íńdíà náà, àwọn ọdẹ ní irú ẹ̀gùn yìí. Machan ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn jù nídìí machan ni Jim Corbett, òyìnbó kan tí a bí sí ìlú Naini Tal ní ọdún 1875. Àwọn ẹkùn àti àmọ̀tẹ́kùn tí ó ti di apanijẹ ni ó máa ń dọdẹ wọn. Ní ọdún 1926, lẹ́yìn tí ó ti ṣọ́nà ní ọ̀pọ̀ òru lórí igi máńgòrò kan nítòsí Rudraprayag, ó yìnbọn pa àmọ̀tẹ́kùn kan tí àkọsílẹ̀ ìjọba sọ pé ó ti pa ènìyàn 125. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ ọkùnrin yìí sọ́kàn. A ó tún bá a pàdé níwájú.

ILÉ ORÍ IGI MUGUMO

Nyeri jẹ́ ìlú kan ní àárín gbùngbùn Kẹ́ńyà, ní ilẹ̀ àwọn Kikuyu. Àwọn òkè Nyandarua, tí àwọn òyìnbó sọ ní Aberdare, wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Òkè Kirinyaga, tí ayé mọ̀ sí òkè Kẹ́ńyà, wà ní apá ìlà-oòrùn. Igbó dídí ni ó bo ẹsẹ̀ àwọn òkè wọ̀nyí, erin, ẹfọ̀n, àgbáǹréré àti àmọ̀tẹ́kùn sì kún inú rẹ̀.

Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Eric Sherbrooke Walker tẹ̀dó sí Nyeri. Ojú ọkùnrin yìí ti rí nǹkan. Ó ti bá Baden-Powell, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Sìkáòtù sílẹ̀, ṣiṣẹ́. Ó ti wa ọkọ̀ òfuurufú nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ó tilẹ̀ ti fi ọkọ̀ ojú omi kó ọtí wọ Amẹ́ríkà ní àkókò tí òfin ibẹ̀ ka ọtí léèwọ̀. Ní ọdún 1928, òun àti ìyàwó rẹ̀, Lady Bettie, ṣí hòtẹ́ẹ̀lì Outspan ní Nyeri. Ní ọdún 1932, wọ́n kọ́ ilé pákó kékeré kan, oníyàrá méjì, sórí igi mugumo ńlá kan nínú igbó Aberdare. Ìbátan ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ tiwa ni mugumo jẹ́. Adágún omi kan wà níwájú igi náà, ilẹ̀ oníyọ̀ tí ẹranko ń wá lá sì wà létí omi. Treetops ni wọ́n sọ ilé náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju Orí Igi lọ.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe di eré. Àwọn àlejò yóò sun Outspan, a ó fi ọkọ̀ gbé wọn dé etí igbó, wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà pẹ̀lú ọdẹ tí ó gbé ìbọn dání. Wọ́n kan àkàsọ̀ mọ́ àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà, kí àlejò lè sá gùn ún bí ẹfọ̀n tàbí àgbáǹréré bá yọ sí wọn. Bí wọ́n bá dé ìdí mugumo, wọn yóò gun àkàsọ̀ lọ sókè, wọn yóò jẹun, wọn yóò sì jókòó síbi tí a tẹ́ pákó sí láti máa wo ẹranko tí ń wá mu omi. Gbogbo òfin ẹ̀gùn ni wọ́n ní láti pa mọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà, ìyàtọ̀ náà sì tóbi. Ọdẹ gun igi kí ó lè pa ẹran; àlejò Walker gun igi kí ó lè wo ẹran. Kámẹ́rà ti gba ipò ìbọn.

Èmi kò rí àléébù nínú èyí. Bí a bá ń wá ọjọ́ tí wíwà lórí igi mọ́jú di ìgbádùn tí ènìyàn ń san owó lé ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọdún 1932 ní Nyeri jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹranko inú igbó náà pẹ̀lú jàǹfààní rẹ̀, nítorí ẹni tí ó wá wòran kò ní kí á pa wọ́n.

ÒRU KAN NÍ ỌDÚN 1952

Ní oṣù kejì ọdún 1952, Ọmọba Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọkọ rẹ̀ Philip wá sí Kẹ́ńyà. Baba rẹ̀, Ọba George Kẹfà, ń ṣàìsàn, nítorí náà ni ó ṣe rán ọmọ rẹ̀ ní ìrìn àjò tí òun ìbá lọ sí Ọsirélíà àti New Zealand. Ọmọ ọdún 25 ni ọmọba náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù náà, a mú wọn lọ sí ilé orí mugumo. Agbo erin ti wà létí omi kí wọ́n tó dé, ọmọba sì gba iwájú wọn kọjá lọ sí ìdí àkàsọ̀ láìbẹ̀rù. Ó ń fi kámẹ́rà ya àwòrán ẹranko títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ta ni a pè láti wà pẹ̀lú wọn ní òru ọjọ́ náà? Jim Corbett ni, ẹni tí a ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti kó kúrò ní Íńdíà wá sí Nyeri ní ọdún 1947 pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó ti di ẹni ọdún 76. Wọ́n ní òkè àkàsọ̀ ni ó jókòó sí láti ṣọ́ àwọn àlejò tí ó wà lókè títí di òwúrọ̀. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ òru dẹ̀gùn de apanijẹ ni ó wá ń fi òru kan dẹ̀gùn nítorí ọmọ ọba.

Ní òru yẹn kan náà, ọba wàjà lójú oorun ní ààfin Sandringham. Kò sí ẹni tí ó mọ wákàtí náà gan-an. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọba sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, ó padà sí ilé tí ó dé sí ní Sagana, kò sì tí ì gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀sán ni ìròyìn tó dé, ọkọ rẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ fún un. Corbett kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àlejò pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan gun igi gẹ́gẹ́ bí ọmọba, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ọba. Láti ìgbà náà ni Treetops ti di ilé tí gbogbo ayé mọ̀.

Ìtàn dídùn ni. Ó dà bí àlọ́: igi ńlá, erin, ọmọ ọba, òkùnkùn, àti adé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òpìtàn máa ń bá a dé tí wọ́n á pa ìwé dé.

ÌDÍ IGI

Ẹ jẹ́ kí àwa sọ̀ kalẹ̀. Lójú àwọn Kikuyu, mugumo kì í ṣe igi lásán. Gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa kì í ṣe é sọ àáké sí ìrókò láìtùbà, bẹ́ẹ̀ náà ni Kikuyu kì í gé mugumo. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn àgbà wọn ti máa ń rúbọ sí Ngai, Ọlọ́run wọn, tí wọ́n á kọjú sí Kirinyaga, tí wọ́n á tọrọ òjò àti àlàáfíà. Jomo Kenyatta, ẹni tí ó di olórí Kẹ́ńyà lẹ́yìn náà, kọ nípa àṣà yìí nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1938.

Ilẹ̀ tí igi náà wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìjọba amúnisìn ti ń gba ilẹ̀ olóràá lọ́wọ́ àwọn ọmọ Kẹ́ńyà, tí wọ́n ń fi í fún àwọn òyìnbó àgbẹ̀. Wọ́n sọ àwọn igbó ńláńlá di igbó ọba. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé mi tí ó bá ní bàbá àgbẹ̀ létí igbó ọba ní ilẹ̀ wa yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: kí ènìyàn máa fi ojú wo igi tí baba ńlá rẹ̀ ń gé, kí ó má sì lè fọwọ́ kàn án láìgba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 1932 kan náà tí Walker kọ́ ilé rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan láti yẹ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Kẹ́ńyà wò. Àwọn Kikuyu kó ẹjọ́ wọn wá síwájú ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1934, ó fi ìdí ilẹ̀ òkè múlẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Ohun tí àwọn Kikuyu rí gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n pàdánù.

Oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn òru àwọn erin, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 1952, gómìnà Kẹ́ńyà kéde òfin pàjáwìrì. Ogun tí àwọn òyìnbó ń pè ní Mau Mau ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ń jà á sọ ara wọn ní ọmọ ogun ilẹ̀ àti òmìnira. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ Kikuyu wọ igbó Aberdare àti igbó òkè Kẹ́ńyà lọ. Awọ ẹran ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣe aṣọ. Irun wọn di dàda. Ọkọ̀ òfuurufú ìjọba sì ń ju bọ́ǹbù lé wọn lórí. Nínú igbó kan náà tí àlejò ti ń sanwó kí ó tó wà lórí igi mọ́jú, àwọn yìí ń sùn sí ìdí igi nínú òtútù òkè, láìní ilé, láìdá iná kí èéfín má baà tú wọn fó. Dedan Kimathi, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun wọn, ni orúkọ rẹ̀ ròkè jù.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1954, àwọn ajàjàgbara dáná sun Treetops. Ilé náà jó, igi náà jó pẹ̀lú rẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni: kí ni ilé pákó ṣe fún wọn? Mo rò pé ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ìdí igi ni kí a ti bi í. Ẹni tí ó wà lórí igi rí ẹranko inú igbó. Kò rí ènìyàn inú rẹ̀. Ẹni tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ wo òkè, ó rí fìtílà àlejò lórí igi tí baba rẹ̀ fi ń gbàdúrà. Èmi kò sọ pé iná dára. Ogun náà kò fi ojúure wo ẹnikẹ́ni, àwọn Kikuyu fúnra wọn ni ó sì pa jù. Ní Lari, ní oṣù kẹta ọdún 1953, àwọn Mau Mau pa ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọdé tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú wọn, àwọn tí ó gbẹ̀san sì tún pa ènìyàn púpọ̀. Àwọn òyìnbó àgbẹ̀ àti ará ilé wọn tí wọ́n pa jẹ́ 32. Àwọn ọmọ Kẹ́ńyà tí ìjọba yẹgi fún lé ní 1,000, àwọn tí wọ́n sì fi agbára kó sínú àgọ́ àti abúlé ẹlẹ́gùn-ún lé ní mílíọ̀nù kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá sọ ti adé tí a kò sọ ti iná, irọ́ kọ́ ni a pa, ṣùgbọ́n a kò sọ òtítọ́.

LẸ́YÌN INÁ

Wọ́n mú Kimathi nítòsí Nyeri ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1956, wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1957. Ní ọdún 1957 yẹn kan náà ni wọ́n tún Treetops kọ́, ní òdìkejì adágún omi náà. Ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, orí òpó ni wọ́n sì gbé e lé. Kẹ́ńyà gba òmìnira ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1963.

Ní ọdún 1983, Ọbabìnrin Elizabeth tún padà wá wo ibẹ̀. Igbó tí ó mọ̀ ti ṣí sílẹ̀, nítorí àwọn erin tí àlejò ń wá wò ti wó ọ̀pọ̀ igi palẹ̀. Ní ọdún 1983 náà ni ọ̀gbẹ́ni Peter Jenkins dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, láti máa kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń fi okùn gun igi ṣeré. Iṣẹ́ títọ́jú igi ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Okùn iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sọ di okùn eré. Àwọn tí wọ́n ń ṣe eré yìí kì í kan ìṣó mọ́ igi, wọn kì í sì í wọ bàtà onírin gùn ún, kí èèpo igi má baà gbọgbẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ sùn lókè, wọn a so ibùsùn aláṣọ mọ́ ẹ̀ka, wọn a de ara wọn mọ́ okùn, wọn a sì tú gbogbo rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. A lè rí i pé ẹni tí ó ń gun igi ṣeré ti ń kọ́ láti bọ̀wọ̀ fún igi. Bíbọ̀wọ̀ fún àwọn tí wọ́n ni igi ni ó kù.

Ìdí igi pẹ̀lú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2003, ìjọba Kẹ́ńyà mú òfin tí ó ka Mau Mau sí ẹgbẹ́ ọ̀daràn kúrò. Ní ọdún 2007, wọ́n ṣí ère Kimathi ní Nairobi, ní àádọ́ta ọdún gééré sí ọjọ́ tí ó kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ní gbangba pé àwọn kábàámọ̀ ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ènìyàn nínú àgọ́ wọ̀nyẹn, wọ́n sì gbà láti san £19.9 mílíọ̀nù fún àwọn arúgbó 5,228. Treetops ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2021, nígbà tí àrùn kòrónà lé àlejò lọ. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wàjà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn tún sọ ìtàn ọmọba tí ó gun igi tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ bí ọba. Díẹ̀ nínú wọn ni ó rántí iná.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹ bá dé iwájú kíláàsì, ẹ má fi ìtàn dídùn yìí du àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti erin àti ti adé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti ìgbìmọ̀ ilẹ̀ àti ti àwọn tí ó sùn nínú òtútù. Bí ẹ bá sì lọ sí abúlé ní àkókò ìsinmi, ẹ wá àwọn àgbà ọdẹ lọ, kí ẹ bi wọ́n bí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀gùn, irú igi tí wọ́n ń yàn, àti orúkọ igbó tí wọ́n ti dẹ̀gùn rí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, igbó náà ti di oko kòkó tàbí ojú títì, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n kò pọ̀ mọ́.

Ibi tí a bá ti gun igi ni a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Òwe àgbà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni n ó fi parí. Ní òru ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1952, kò sí ẹni tí ó ga ju àwọn tí ó wà lórí mugumo Nyeri lọ ní gbogbo igbó náà. Wọ́n rí erin, wọ́n rí àgbáǹréré, wọ́n rí òṣùpá lójú omi. Àgbà Kikuyu tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ahéré rẹ̀ létí igbó kò rí ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tí ń bọ̀.